Ọkọ̀ Tó Dúró Sójú Kan: Ohun Tí Òtútù àti Òjò Ń Ṣe fún Un, àti Bí Wọ́n Ṣe Lè Dáàbò Bò Ó

Lọ́dọọdún, bí oṣù kejìlá bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wálé. Wọ́n á gbé mọ́tò wọn sílẹ̀ síwájú ilé, wọ́n á wọ bàálù, yìnyín á sì máa bọ́ lé e lórí títí wọ́n á fi padà. Bí wọ́n bá dé Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo, mọ́tò mìíràn ló ń dúró dè wọ́n nínú ọgbà, èyí tí wọ́n ti gbé síbẹ̀ láti oṣù kìíní. Ọ̀kan wà nínú òtútù, èkejì ti fi gbogbo ìgbà òjò wà lábẹ́ tapólì. Ìṣòro kan náà ló sì ń bá àwọn méjèèjì fínra: wọ́n dúró sójú kan.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti owó nìkan. Ọkọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ tí wọ́n kàn ṣíná sí, tí wọ́n sì gbé bọ́ sójú títì márosẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dé, lè gba ẹ̀mí èèyàn.

Kí ló dé tí ọkọ̀ tí kò rìn fi ń bàjẹ́?

Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ìrìn ló ń ba mọ́tò jẹ́, pé èyí tí kò bá rìn á wà bó ṣe wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mọ́tò kì í ṣe àga tí wọ́n gbé sí kọ̀rọ̀ yàrá. Omi, epo, ásíìdì, rọ́bà àti irin ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tó ń sinmi nínú wọn. Irin ń dógùn-ún, iná bátìrì ń lọ díẹ̀díẹ̀, epo ń gbó, rọ́bà ń gan.

Bí ọkọ̀ bá ń rìn, ooru ẹ́ńjìnnì ń lé omi jáde nínú rẹ̀, alternator ń dá iná padà sínú bátìrì, táyà ń yí, bíréèkì sì ń ha ògùn-ún kúrò lára irin rẹ̀. Tó bá ti dúró, gbogbo ìtọ́jú yẹn náà dúró. Ìbàjẹ́ nìkan ni kì í dúró.

Bátìrì ló máa ń kọ́kọ́ kú

Àlàmù, aago àti kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ìgbàlódé kì í sùn, kódà tí wọ́n bá ti pa ẹ́ńjìnnì. Iná tí wọ́n ń fà kò pọ̀, ṣùgbọ́n tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń fà á. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti tó láti sọ bátìrì tó ti gbó díẹ̀ di òkú. Bátìrì tó kún máa ń ka nǹkan bíi fóólù 12.6 lórí mítà rewáyà. Tó bá ti wálẹ̀ dé 12, kò sí nǹkan gidi nínú rẹ̀ mọ́. Èyí tó bá sì pẹ́ láìní iná nínú, ohun funfun kan á dì mọ́ òjé inú rẹ̀, débi pé tí wọ́n bá tún ṣáájì rẹ̀, kò ní gba iná bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ní ilẹ̀ olótùútù, ewu tún wà lórí ewu. Bátìrì tó kún kò ní dì kódà kí òtútù lọ sí ìwọ̀n 50 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n èyí tí iná ti tán nínú rẹ̀, omi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kù síbẹ̀. Ó lè dì ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 sí 10 nísàlẹ̀ òdo, kí ara rẹ̀ sì là. Irú òtútù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlejò ní Chicago, Minneapolis tàbí Winnipeg.

Àwọn tó ní gárééjì tó ní iná lókè òkun máa ń lo ṣájà kékeré kan tó máa ń dá ara rẹ̀ dúró tí bátìrì bá ti kún, tó tún máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ tí iná bá ti ń wálẹ̀. Nílé níbí, níbi tí iná mànàmáná kò ti ṣeé gbára lé, ohun tó dára jù ni kí wọ́n ṣáájì bátìrì kó kún, kí wọ́n sì tú u. Ẹnu tó ní àmì ìyọkúrò (−) ni wọ́n ń kọ́kọ́ tú, òun náà ni wọ́n ń dè kẹ́yìn.

Kí wọ́n tó tú u, ó yẹ kí wọ́n rí i dájú pé kọ́kọ́rọ́ onírin ń ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, nítorí rìmóòtù kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Rédíò inú ọkọ̀ mìíràn sì máa ń béèrè nọ́ńbà àṣírí tí iná bá ti já lára rẹ̀; ó yẹ kí wọ́n ti kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀.

"Ẹ bá mi máa ṣíná sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀"

Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ tó ń padà sókè òkun máa ń sọ fún àbúrò tàbí ẹni tó ń ṣọ́lé. Onítọ̀hún á ṣíná sí mọ́tò lọ́jọ́ Sátidé, yóò jẹ́ kó máa dún fún ìṣẹ́jú márùn-ún, yóò sì pa á. Ó dà bí ìtọ́jú, àmọ́ ìpalára rẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ.

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé iná tí ẹ́ńjìnnì ń gbà lọ́wọ́ bátìrì kó tó jí pọ̀ gan-an, ìwọ̀nba tí alternator sì lè dá padà nígbà tí ọkọ̀ wà lójú kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó nǹkan. Tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, gbèsè ni wọ́n ń jẹ bátìrì. Ìkejì, bí epo bá ń jó, omi wà lára ohun tó ń mú jáde. Tí sàláńsà kò bá gbóná dáadáa, omi yẹn á dúró sínú rẹ̀, yóò sì máa jẹ irin láti inú wá. Òmíràn á darapọ̀ mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀nà méjì ló dára. Yálà kí ẹni tó mọ ọkọ̀ wà, tó sì ní ìwé àṣẹ, máa gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, kó rìn tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí gbogbo rẹ̀ fi gbóná, tàbí kí wọ́n tú bátìrì, kí wọ́n sì jẹ́ kó sùn. Èyí tó wà láàárín méjèèjì ló ń ba mọ́tò jẹ́.

Ẹni tó bá yan ọ̀nà àkọ́kọ́ lè ya fọ́tò nọ́ńbà kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kó tó lọ. Mọ́tò tí wọ́n ní kí wọ́n máa fi yí àdúgbò ká ti di ọkọ̀ òde ìyàwó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ alágbàtọ́, fọ́tò yẹn kì í sì í parọ́.

Èéfín tó ń pani láìsí òórùn

Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ìròyìn ní Nàìjíríà tí kò mọ ohun tí jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour," ti ṣe fún àwọn ìdílé tó gbé e sínú ilé sùn. Èéfín yẹn náà ló ń jáde láti inú sàláńsà mọ́tò. Carbon monoxide ni orúkọ rẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Orí fífọ́, òòyì àti oorun ló fi ń mú èèyàn.

Nítorí náà, ṣíṣíná sí mọ́tò nínú gárééjì kí ó "gbóná díẹ̀" léwu púpọ̀, kódà kí ilẹ̀kùn gárééjì wà ní ṣíṣí, pàápàá tí gárééjì bá so mọ́ ilé. Yìnyín náà lè di ẹnu sàláńsà pa níta gbangba. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, nígbà tí ìjì yìnyín ńlá jà ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ kú sínú mọ́tò ní ìlú Passaic, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Wọ́n jókòó sínú rẹ̀ kí ara wọn lè móoru nígbà tí wọ́n ń kó yìnyín kúrò lára ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n yìnyín ti dí ẹnu sàláńsà. Ẹnu sàláńsà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tú sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́.

Omi lásán nínú rédíétọ̀

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ló ń bu omi ẹ̀rọ sínú rédíétọ̀, tí mọ́tò sì ń rìn lọ. Ẹni tó bá gbé àṣà yẹn dé ilẹ̀ olótùútù máa kàbùkù. Bí omi bá dì, ó máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ẹ́ńjìnnì, kò sí àyè tó fẹ́ gbà. Irin ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló máa là, ẹ́ńjìnnì tó bá sì là, rírà ló kù.

Kúláńtì ni oògùn rẹ̀. Tí wọ́n bá pò ó mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì, kò ní dì títí òtútù á fi kọjá ìwọ̀n 30 nísàlẹ̀ òdo. Omi tí wọ́n fi ń fọ gíláàsì iwájú náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kì í dì.

Kúláńtì wúlò nílé níbí pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ sí yìnyín. Ó ní èròjà tó ń dènà ògùn-ún. Omi lásán tó bá dúró sínú ẹ́ńjìnnì láti oṣù kìíní di oṣù kejìlá, omi pupa bí ilẹ̀ ni wọ́n máa bá níbẹ̀.

Epo bẹntiróòlù náà ń gbó

Epo inú táǹkì kì í wà bó ṣe wà. Láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, apá tó fúyẹ́ nínú rẹ̀, èyí tó ń tètè gbiná, á ti máa fẹ́ lọ. Èyí tó kù lè di ohun tó ń lẹ̀ bí oje igi, yóò sì dí ojú ihò kékeré tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Epo tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà sábà máa ń ní ẹ́tánọ́ọ̀lù nínú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tó ní tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n ń pè ní E10, ló di epo gbogboogbò láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Ẹ́tánọ́ọ̀lù sì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba àwọn tó fẹ́ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ nígbà òtútù nímọ̀ràn pé kí wọ́n rọ epo kún táǹkì. Àyè tó bá ṣófo nínú táǹkì, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ní omi nínú. Oògùn kan wà tí wọ́n ń dà sínú epo kó má tètè gbó; wọ́n ń dà á sí i, wọ́n á sì wakọ̀ díẹ̀ kó lè dé inú ẹ́ńjìnnì. Nílé, láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo lọ́dún 2023, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè rọ epo kún táǹkì kó sì fi sílẹ̀ fún ọdún kan. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kó múra láti fa èyí tó gbó kúrò, kó sì rọ tuntun, kó tó ṣíná.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀, kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ni kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá dé. Ọ́ìlì dúdú tó ti ṣiṣẹ́ ní ásíìdì àti omi nínú, kò sì yẹ kó bá irin sùn fún oṣù mẹ́wàá.

Táyà àti bíréèkì: ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà

Táyà tó bá gbé ẹrù ọkọ̀ sójú kan fún oṣù púpọ̀ á tẹ́ lápá kan. Tí wọ́n bá wá wakọ̀, ọkọ̀ á máa gbọ̀n. Kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i díẹ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ, kó má ṣe kọjá iye tí wọ́n kọ sára táyà. Àwọn kan máa ń fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè kúrò nílẹ̀. Sítáǹdì irin ni kí wọ́n fi dá a dúró, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì. Búlọ́ọ̀kù lè fọ́ lójijì, kí mọ́tò já lu ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìyẹ̀ táyà kọ́ ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára táyà, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti wà nínú oòrùn fún ọdún púpọ̀ lè dà bíi tuntun lójú, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti máa sán wẹ́ẹ́wẹ́. Irú táyà bẹ́ẹ̀ kì í bẹ́ nínú ọgbà. Orí eré ló ti ń bẹ́.

Ní ti bíréèkì, kò yẹ kí wọ́n fa hanbíréèkì sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ó lè lẹ̀ mọ́ irin kó má tú mọ́. Kí wọ́n fi jíà sí P, tàbí sí ipò kìíní tó bá jẹ́ ọkọ̀ oníjíà ọwọ́, kí wọ́n sì fi igi há iwájú àti ẹ̀yìn táyà. Omi bíréèkì náà ń fa omi mọ́ra, kódà nígbà tí ọkọ̀ kò rìn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò ló ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì-méjì. Èyí tí omi ti pọ̀ nínú rẹ̀ lè hó tí bíréèkì bá gbóná, ẹsẹ̀ awakọ̀ á sì kàn wọlẹ̀ lófìfo.

Eku, agbọ́n àti àwọn àlejò mìíràn

Yálà ní Toronto tàbí ní Ṣàgámù, eku fẹ́ràn ibi tó dákẹ́ tó sì móoru. Ó ń ṣe ìtẹ́ sínú fílítà atẹ́gùn, ó ń gé wáyà jẹ. Wáyà kan tó bá já lè da gbogbo kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rú, kí rewáyà sì fi ọjọ́ mẹ́ta wá a. Agbọ́n àti èèrà náà ń wọlé.

Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n kó gbogbo oúnjẹ kúrò nínú ọkọ̀, títí kan èérún búrẹ́dì àti ẹ̀pà abẹ́ àga. Wọ́n lè ki sípọ́ǹjì onírin bọ ẹnu sàláńsà, kí wọ́n sì so aṣọ pupa mọ́ sítíárìn láti rán ara wọn létí pé ó wà níbẹ̀. Májèlé eku lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kò dára: eku tó bá jẹ ẹ́ lè kú sí ibi tí ọwọ́ kò lè dé, ọmọdé tàbí ajá sì lè rí i.

Ibi tí wọ́n máa gbé e sí

Orí kọnkéré ló dára jù. Ilẹ̀ eléruku àti koríko ń rán omi sókè sí abẹ́ ọkọ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ní òjìji, àmọ́ ìgbẹ́ ẹyẹ àti oje igi máa ń jẹ ọ̀dà. Tapólì onírọ́bà tí wọ́n dè pinpin ń há omi mọ́ra. Oòrùn á gbé omi yẹn sókè, kò ní ríbi jáde, yóò sì padà sára irin. Aṣọ ìbora ọkọ̀ tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé ló yẹ. Kí wọ́n tó bò ó, kí wọ́n fọ ọ́, kó sì gbẹ tinútòde.

Fún àwọn tó wà nínú yìnyín, fífọ abẹ́ ọkọ̀ ṣe pàtàkì ju fífọ òkè lọ. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì níbẹ̀ kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn sì ń jẹ irin. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí kò tíì wọ bàálù rí pẹ̀lú. Lára ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tó ń gba Èkó tàbí Kùtọnu wọlé, àwọn kan ti lo ọdún mẹ́wàá lórí títì oníyọ̀ ní Michigan, Ohio tàbí New York. Ọ̀dà lè máa dán lókè kí ìsàlẹ̀ ti jẹ. Ẹni tó fẹ́ ra tòkúnbọ̀, kó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ kó tó sanwó.

Ìwé ọkọ̀ kì í sùn

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kò fẹ́ san owó orí ọkọ̀ àti ìnṣọ́ránsì nígbà tí kò lò ó gbọ́dọ̀ fi tó ilé iṣẹ́ DVLA létí. SORN ni wọ́n ń pe ìwé yẹn. Tí wọ́n bá ti ṣe é, ọkọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ wà lójú títì ìjọba, inú ọgbà ni kó wà. Ẹni tí kò ṣe é, tí kò sì ní ìnṣọ́ránsì, lè san ìtanràn kódà bí ọkọ̀ kò bá kúrò lójú kan. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ní New York, wọ́n gbọ́dọ̀ dá nọ́ńbà ọkọ̀ padà fún ìjọba kí wọ́n tó fagi lé ìnṣọ́ránsì.

Nílé, ìwé ọkọ̀, ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ lójú títì àti ìnṣọ́ránsì ló máa ń gbó lẹ́yìn ọdún kan. Ìnṣọ́ránsì tó kéré jù fún mọ́tò aládàáni ti kúrò ní ₦5,000 sí ₦15,000 láti oṣù kìíní ọdún 2023. Ẹni tó bá wálé lóṣù kejìlá tí kò tún wọn ṣe, ojú títì ni yóò ti rántí.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ máa jí

Ìkánjú ló ń fa jàǹbá lásìkò yìí. Bàálù balẹ̀ lánàá, ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó wà lọ́la ní ìlú mìíràn, wọ́n jọ̀ǹpù bátìrì, ó di ojú títì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọjọ́ kan péré tó láti ṣe é létòlétò:

Kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n wá ìtẹ́ eku àti wáyà tó já. Kí wọ́n yọ ohun tí wọ́n ki bọ sàláńsà.

Kí wọ́n wo ọ́ìlì, kúláńtì àti omi bíréèkì, kí wọ́n sì wo ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ bóyá nǹkan ń jò.

Kí fọ̀kánáísà wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti èyí tó wà nínú búùtù.

Kí wọ́n de bátìrì tó ti gba iná kún, kí wọ́n ṣíná níta gbangba, kí wọ́n sì wò bóyá iná ọ́ìlì kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Tí kò bá kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí wọ́n pa á, kí wọ́n pe mọkáníìkì.

Kí wọ́n tẹ bíréèkì kí ọkọ̀ tó rìn rárá. Tó bá wọlẹ̀ lófìfo, kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Tó bá le, kí wọ́n rìn díẹ̀ nínú ọgbà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n tó jáde.

Àdúgbò ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi yí ká, fún ọjọ́ kan ó kéré tán, kí wọ́n tó gbé e lọ sí títì Èkó sí Ìbàdàn. Ẹni tí ayẹyẹ rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀la, tí kò sì ráyè ṣe gbogbo èyí, kó háyà ọkọ̀ mìíràn.